Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Ọba Gbẹ̀dẹ̀mukẹ Fi Ta Àwọn Tí Odò Wọn Gbẹ Lọ́rẹ

Ẹ̀yin ọmọ Ìdí-Ọ̀mọ̀, ẹ sún mọ́ mi. Omíyalé, ìwọ tí o pọn ọmọ sẹ́yìn yẹn, bu omi sí igbá fún mi kí n tó la ẹnu, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí, òùngbẹ ló bí i. Gbogbo yín mọ̀ mí. Èmi Ọdẹ́lẹ́yẹ kì í ṣe irú ọdẹ tí í pa ọ̀kẹ́rẹ́ lóko tí yóò délé tí yóò pè é ní ẹkùn. Ẹfọ̀n tó kàn mí níwo láyé ọjọ́un ṣì wà nínú igbó títí di òní, àforíjì ló ń wá kiri. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi, ó sì ń dùn mí pé kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́rìndé ni, bàbá tó fẹ̀yìn ti ògiri lọ́hùn-ún tó ń tòògbé, àti ti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnu àwọn méjèèjì ni mo ti gbọ́ ọ. Bí mo bá ṣì í sọ, Àwẹ̀ró yóò pè mí ní òpùrọ́ lójú gbogbo yín. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí eyín Ọdẹ́rìndé ṣì pé lẹ́nu, kò sí ẹni tó mọ èèyàn kí tó o ní gbogbo agbègbè yìí. Bí o bá ń jókòó, ó ní ìkíni fún ọ. Bí o bá ń wẹ̀, yóò dúró sẹ́yìn ògiri balùwẹ̀ kí ọ kú ìwẹ̀. Mo ti rí i tó kí ìgalà tó fẹ́ yìnbọn fún. Ẹ̀yin náà sì mọ bí a ti í ṣe nílùú wa: bí wọ́n bá ní ṣé àlàáfíà ni, a ó kọ́kọ́ ní a dúpẹ́, àlàáfíà ni, ìbáà jẹ́ pé ilé ẹni ń jó lọ́wọ́. Wọn yóò béèrè ìyàwó, wọn yóò béèrè ọmọ, wọn yóò béèrè oko. Ìgbà tí wọ́n bá wá ní, "Ó dáa, kí ló gbé ọ dé?" ìgbà náà ni a ó tú ẹrù ọkàn sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ìṣòro dáhùn ìkíni àkọ́kọ́, ọmọ tí a kò kọ́ ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ Ọdẹ́rìndé nìyẹn, ó sì wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀.

Lọ́dún kan, Odò Atura bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. A kọ́kọ́ pè é ní ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà tó yá, ẹja ń tọ nínú ẹrẹ̀, àwọn obìnrin sì ń fi ìka gbẹ́ iyanrìn kí wọ́n tó rí omi tí kò kún orù. Ọdẹ kan tó ti òkè bọ̀ ló tú àṣírí fún wa. Ó ní àwọn iwin ìlú Gbẹ̀dẹ̀mukẹ, lẹ́yìn àwọn igbó tí ènìyàn kì í dárúkọ, ti mọ odi dí ojú odò kí omi lè máa fò nínú ilé wọn. Bí ìlú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú nìyẹn. Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọdẹ́rìndé àti Àwẹ̀ró bí, lóyún nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ti di ẹrù. Ó ní bí oṣù tuntun bá lé tí odò kò padà, òun yóò kó ìyàwó òun lọ sí ìlú àwọn bàbá òun létí òkun, ẹni tó bá sì lọ síbẹ̀ láyé ìgbà náà, ó di gbéré. Àràárọ̀ ni Àwẹ̀ró ń lọ gbá ojúlé ọmọ rẹ̀, bí ẹni pé ilé tó bá mọ́ kò ṣeé fi sílẹ̀.

Baálẹ̀ pe ìlú jọ kí wọ́n lè yan ẹni tí yóò lọ bẹ ọba àwọn iwin. Gbogbo ojú wo èmi, kí ni wọn ò ní wò mí sí? Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ní ẹnu mi gbóná ju ìbọn mi lọ, pé bí wọ́n bá rán mi, àwọn iwin yóò mọ odi kejì lé ti àkọ́kọ́. Ẹ ò rí ìwọ̀sí! Wọ́n yan Ọdẹ́rìndé. Àwẹ̀ró dìde ńlẹ̀, ó ní òun náà ń lọ.

Ọdẹ́rìndé ní, "Àwẹ̀ró, igbó iwin kì í ṣe ọ̀nà odò."

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá Ìbídùn, bí ejò bá bù yín ṣán, tí ẹnìkan sì kí yín nígbà tó ṣì rọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, àlàáfíà ni ẹ ó ní. Ta ni yóò wá sọ fún onítọ̀hún pé ejò ń bẹ lẹ́sẹ̀?"

Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín. Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, nítorí ó fẹ́ràn obìnrin náà dé bi pé èébú rẹ̀ a máa tù ú lára. Wọ́n jọ gbéra.

Igbó tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀, Igbó Òkìtì ni. Òkìtì ibẹ̀ kì í ṣe òkìtì lásán. Wọ́n tò bí àgbààgbà tó jókòó, ẹni tó bá sì kọjá láìkí wọn, wọn yóò sún pọ̀ mọ́ ọn títí yóò fi di ọ̀kan nínú wọn. Ọdẹ́rìndé kò tilẹ̀ mọ èyí. Ó kàn rí wọn ni, ó sì dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá! Ẹ kú ìfaradà oòrùn! Ẹ kú ọmọ ikán lára!" Àwọn òkìtì wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn hó, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gbé ikán lára, kò sí ẹni tó kí òun kú u rí. Wọ́n sún sẹ́yìn lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà sì là gbalaja.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bọ́ sọ́wọ́ Ẹlẹ́nu-Iná. Ẹ di ara yín mú. Ojú kan wà níwájú orí iwin yìí, ọ̀kan wà ní ìpàkọ́, bó bá sì mí, koríko a máa gbẹ. Ó bẹ́ sí ojú ọ̀nà, ó ní, "Ta ni ìwọ erùpẹ̀ tó ń rìn yìí? Èmi tí mò ń fi ọdẹ panu láàárọ̀, tí mo sì ń fi àpò rẹ̀ nu ẹnu lálẹ́!" Ká ní èmi ni, mi ò bá ti yìnbọn ká tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ tán. Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn kalẹ̀, ó nà gbalaja. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìdáwà. Ìyá tó bí yín kú ewu ọmọ o."

Iná kú lẹ́nu iwin náà. Ó jókòó sílẹ̀ gbì, omijé sì ń já bọ́ lójú iwájú àti ojú ìpàkọ́. Ó ní, "Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó kí mi kú ìdáwà." Àwẹ̀ró fi ìdí ìró nu ojú iwájú fún un, ó ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ti ẹ̀yìn. Iwin náà gbé àwọn méjèèjì lé èjìká, ó sì gbé wọn la igbó tó kù kọjá. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Àwẹ̀ró, ṣé mo parọ́? Ó mi orí. Ẹ rí i pé òótọ́ ni.

Ó já wọn sílẹ̀ níbi afárá kan tí arúgbó obìnrin iwin kan ń ṣọ́. Orúnkún arúgbó náà wà lẹ́yìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ wà níwájú. Ó ní, "Ààlọ́ o!"

Wọ́n ní, "Ààlọ̀!"

"Kí ni ó bá àlejò rin ìrìn àjò, tó bá a wọ ààfin, tí ọba kò fojú kàn án?"

Ọdẹ́rìndé ní èéfín taba ni. Arúgbó ní rárá. Ó ní eṣinṣin ni. Arúgbó ní eṣinṣin ń bá ọba jẹun láàfin, ọba sì mọ̀ ọ́n. Arúgbó ní, "Ẹ kọjá. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ ó sọ ọ́ fún mi. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n nígbà náà, afárá yìí kò ní gbé yín padà sílé."

Bí wọ́n ṣe wọ Gbẹ̀dẹ̀mukẹ, àánú ara wọn ṣe wọ́n. Omi ń fò nínú ọgbà gbogbo. Wọ́n ń fi omi fọ ojú títì, wọ́n ń fi omi fọ ẹsẹ̀ ẹṣin, wọ́n sì ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa da omi sórí òkúta kí òkúta má gbóná. Àwẹ̀ró dúró níwájú òkúta náà títí. Ó mọ omi náà. Omi tó fi wẹ Ìbídùn lọ́jọ́ ìkómọ ni.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ibodè ààfin ní, "Ẹnu kan fún ìlú kan. Èwo nínú yín ni ẹnu?" Ọdẹ́rìndé ni Baálẹ̀ yàn, òun ló wọlé. Àwẹ̀ró jókòó sí ìdí ògiri níta.

Gbọ̀ngàn àwọn ìgbìmọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ. Àwọn ìgbìmọ̀ Gbẹ̀dẹ̀mukẹ, iwin àtijọ́ ni wọ́n, wọ́n mọ ìwà. Wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè oko, wọ́n béèrè títí wọ́n fi béèrè ohun tó gbé e wá. Ọdẹ́rìndé wá ro gbogbo rẹ̀. Wọ́n sunkún, wọ́n jiyàn lórí ẹni tí ẹkún rẹ̀ dùn jù, wọ́n sì na ọwọ́ sókè pé kí omi padà. Inú Ọdẹ́rìndé ti ń dùn kí àgbà kan nínú wọn tó fà á sí kọ̀rọ̀.

Àgbà náà ní, "Ọmọ mi, má tíì jó. Ọ̀rọ̀ inú ìlú wa ni àwa ń rí sí. Ọ̀rọ̀ tó bá ti kan ìlú òde, inú ilé ọba ni wọ́n ti ń sè é. Àwa lè tọ́ ọ wò, a lè ní iyọ̀ kò tó o, ṣùgbọ́n ìdáná kò sí lọ́wọ́ wa."

Ọdẹ́rìndé ní, "Ẹ jẹ́ kí n rí ọba nígbà náà."

"Ọba kì í jáde. Etí-Ọba ní í bá a gbọ́, Ẹnu-Ọba ní í bá a sọ, Ọwọ́-Ọba ní í bá a ṣe. Ohun tí àwọn mẹ́ta yìí bá ní o jẹ́ lójú ọba, ohun tí o jẹ́ nìyẹn. Rọra máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o."

Ó rọra. Ohun tó bà á jẹ́ gan-an nìyẹn.

Nínú ilé ọba, Etí-Ọba ló pàdé rẹ̀. Etí iwin yìí gbòòrò bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ dé bi pé kì í jókòó. Ó ní, "Ìlú wo?"

"Ìdí-Ọ̀mọ̀ ni, ẹ̀yin bàbá."

"Àwọn Ìlú Tó Ń Gòkè Bọ̀ nìyẹn. Orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀yin ìlú kéékèèké ń jẹ́ níhìn-ín, kó má baà rú wa lójú. Ó dáa. Báwo ni ilé? Ṣé àlàáfíà ni?"

Ọdẹ́rìndé fi àyà lélẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bàbá tó bí i lọ́mọ ti kọ́ ọ. Ó ní, "A dúpẹ́ o. Àlàáfíà ni."

Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń dúró de ìbéèrè kejì. Ó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́nu: odò, ẹja inú ẹrẹ̀, oyún Ìbídùn. Ohun tó gbọ́ ni ìró ẹsẹ̀ tó ń sáré lọ. Kó tó gbé orí sókè, Ẹnu-Ọba ti wà lórí òrùlé, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ìlú kan.

"Ará Gbẹ̀dẹ̀mukẹ, ẹ gbọ́ o! Ìlú ìsàlẹ̀ odò ti ránṣẹ́ wá. Wọ́n dúpẹ́! Wọ́n ní àlàáfíà ni! Odi wa kò pa ẹnikẹ́ni lára! Nítorí inú rere ọba, a fi ọkọ̀ ojú omi ta wọ́n lọ́rẹ!"

Àtẹ́wọ́ sọ nígboro. Ọwọ́-Ọba, tí apá rẹ̀ gùn láti ìloro dé àká, na ọwọ́, ó gbé ọkọ̀ kan jáde, ó sì gbé e lé Ọdẹ́rìndé lórí. Ọkọ̀ náà rẹwà, mi ò ní parọ́. Wọ́n gbẹ́ ẹja sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi àjẹ̀ ìtukọ̀ méjì sí i nínú. Ọkọ̀ ni wọ́n ń fún gbogbo Ìlú Tó Ń Gòkè Bọ̀ lọ́dún náà, títí kan àwọn tó ń gbé orí àpáta.

Ọdẹ́rìndé ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ mi kò tíì parí. Odò wa..."

Ọwọ́-Ọba kò létí. Ẹnu-Ọba ní, "A ti kéde." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Wọ́n tì í jáde tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n sì ń kí i kú oríire.

Àwẹ̀ró wà ní ìdí ògiri, ó rí ọkọ̀ ojú omi tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Nígbà tó rí i pé ẹsẹ̀ ọkọ òun ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó dìde. Ọdẹ́rìndé kò lè wò ó lójú. Ó ro bó ti jẹ́ fún un. Ó ní, "Àwẹ̀ró, mo ti fi ẹnu ara mi lé ọmọ mi kúrò nílé."

Ẹ̀yin obìnrin tó wà níbí, kí lẹ ò bá sọ? Mo mọ ohun tí ìyàwó tèmi ì bá sọ, kò ṣeé sọ láwùjọ. Àwẹ̀ró kọ́kọ́ bá a sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó ní kó ṣọ́ra kó má ṣẹ́ ọrùn. Ó wá wo ẹja tí wọ́n gbẹ́ sára ọkọ̀, ó wo àjẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Àwọn méjèèjì jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sunkún tó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Àwẹ̀ró ní, "Mo sọ fún yín nípa ejò àbí mi ò sọ?"

"O sọ."

"Ẹnu ẹni la fi í kọ mé jẹ, Bàbá Ìbídùn."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbà ló bi mí léèrè, Àwẹ̀ró. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó wàhálà bo àgbà tó ń kí mi?"

Àwẹ̀ró wò ó títí. Lára ìwà yìí náà ló ṣe fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló wá tọrọ rẹ̀, òun nìkan ló kí ìyá rẹ̀ kú àbójútó ọmọ. Wọ́n sùn sínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró gbọ̀n ọ́n jí.

Ó ní, "Nílé wa, ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan lánàá, kí ló máa ń ṣe bí ilẹ̀ bá mọ́?"

Ọdẹ́rìndé ń nujú. "Á lọ dúpẹ́ àná."

"Ẹ dìde nígbà náà. Ọmọ tó bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà."

Wọ́n gbé ọkọ̀ lé orí, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ̀ṣọ́ ní, "Ẹnu kan fún ìlú kan." Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹnu tó wá tọrọ nǹkan ni òfin yín ń bá wí, ọ̀gá. Àwa wá dúpẹ́ àná ni." Ẹ̀ṣọ́ yẹ gbogbo òfin tó wà lórí rẹ̀ wò. Kò sí òfin kankan fún ìyẹn, nítorí láti ìgbà tí ayé iwin ti ṣẹ̀, kò sí ìlú tó gba ẹ̀bùn Gbẹ̀dẹ̀mukẹ tó padà wá dúpẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bí wọ́n bá ti gbà á, wọn a lọ máa bú àwọn iwin nílé. Ó ṣí ọ̀nà fún wọn, ẹnu sì yà á.

Àárín àgbàlá ààfin, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ táútáú, ni Àwẹ̀ró ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ kalẹ̀ sí. Wọ́n wọ inú rẹ̀. Àwẹ̀ró mú àjẹ̀ kan, ó fi èkejì lé Ọdẹ́rìndé lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Eruku sọ. Wọ́n ń ké pé, "Kábíyèsí o, a dúpẹ́ àná! Ẹ̀bùn yín wúlò! Ẹ wá wo bí a ti ń lò ó nílé!"

Etí-Ọba gbọ́, ó sáré wọlé lọ wí. Ọba ní, "Ọpẹ́ àná? Kí ló ń jẹ́ ọpẹ́ àná?" Etí-Ọba kò mọ̀. Ẹnu-Ọba kò mọ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nílé ọba ló fa ọba jáde.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ bí ọba náà ti rí. Iwin kékeré ni, kò ga ju orúnkún Ẹlẹ́nu-Iná lọ, ojú rẹ̀ sì tutù. Òkúta kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń fi òrí pa lára. Gbogbo ìlú kéékèèké tó wà láyé, ó ní òkúta kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú yàrá rẹ̀, kì í sì í jẹun àárọ̀ láìjẹ́ pé ó fi òrí pa gbogbo wọn. Ó fẹ́ràn wọn tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ kan èyíkéyìí nínú wọn rí.

Ó ní, "Ìlú wo lẹ ti wá, ẹ̀yin ọmọ mi?"

"Ìdí-Ọ̀mọ̀ ni, Kábíyèsí."

Ọba sáré wọlé, ó sì gbé òkúta kan jáde, ó ń dán gbinrin. Inú rẹ̀ dùn. "Tiyín rèé! Ẹ wò ó bó ti ń dán. Kò sí ọjọ́ tí mi ò tọ́jú yín." Ọdẹ́rìndé gba òkúta náà. Ó tutù, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Kábíyèsí."

Ọba wá wo eruku. "Kí ló dé tí ẹ fi ń wa ọkọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀?"

Àwẹ̀ró ní, "Bí a ti ń wà á nílé nìyẹn, Kábíyèsí."

Ọba rẹ́rìn-ín. Ó tún wo ọkọ̀, ẹ̀rín náà sì tán lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ṣẹ́ aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó gun inú ọkọ̀, ó jókòó sẹ́yìn wọn, ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ó sì fi wa ilẹ̀. Ó wà á, ó wà á, títí òógùn fi bò ó.

Ó ní, "Kò lọ."

Àwẹ̀ró ní, "Kò ní lọ, Kábíyèsí."

Ọba fi ọwọ́ kan Ọdẹ́rìndé léjìká. "Ìwọ, bàbá. Ṣé àlàáfíà ni nílé yín?"

Etí-Ọba bẹ́ síwájú. "Kábíyèsí, wọ́n ti dáhùn ìyẹn lánàá."

Ọba ní, "Èmi kọ́ ni mo béèrè lánàá."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti rí ọdẹ tó ki ọwọ́ bọ ẹnu ẹkùn. Èyí tí Ọdẹ́rìndé fẹ́ ṣe yìí le ju ìyẹn lọ. Ẹnu rẹ̀ ti là, "a dúpẹ́" ti wà létè rẹ̀, bàbá rẹ̀ tó ti kú ń wò ó láti inú ilẹ̀. Ó rántí ojúlé Ìbídùn tí Àwẹ̀ró ń gbá láràárọ̀. Àwẹ̀ró kò bá a sọ ọ́. Ó kàn gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn ni.

Ọdẹ́rìndé ní, "Kábíyèsí, ẹ foríjì mí. Kò sí àlàáfíà. Odi yín ti gbẹ odò wa. Ìlú wa ń tú. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ti di ẹrù, bó bá sì lọ, mi ò ní rí i mọ́." Ó bú sẹ́kún níwájú ọba.

Ọba gba òkúta lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi etí aṣọ nu òrí kúrò lára rẹ̀, ó sì gbé e padà fún un. Ó ní, "Máa mú un lọ. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Mo ti ń fi òrí pa òkúta, òùngbẹ sì ń gbẹ àwọn tó ni ín." Ó yí sí Ọwọ́-Ọba, ó fi ọwọ́ júwe fún un kó lọ la ojú odi. Ẹnu-Ọba ní, "Kábíyèsí, a ti kéde!" Ọba ní, "Ẹnu tó kéde tàná ṣì wà lójú rẹ. Lọ fi kéde tòní. Ìwọ Etí-Ọba, bí àlejò bá tún ní àlàáfíà ni, jókòó, kí o tún bi í léèrè."

Wọn kò wó gbogbo odi o. Iwin ni wọ́n, wọn kì í ṣe màlékà. Wọ́n la ibodè sí àárín odi, omi wa sì jáde. Omi tó ń fò nínú ọgbà wọn wálẹ̀ díẹ̀, àwọn kan kùn. Àwọn ìgbìmọ̀ ní àwọn ló ṣe é, wọ́n sì jó yí ìlú ká. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jó.

Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ wọn padà dé afárá, arúgbó tí orúnkún rẹ̀ wà lẹ́yìn ti dìde dúró. Kó tó pa ààlọ́ náà, Ọdẹ́rìndé ti dáhùn. Ó ní, "Ìyà tó ń jẹ àlejò ni, ìyá. Ó bá mi wọ ààfin, èmi fúnra mi ni mo fi ìkíni bò ó mọ́lẹ̀." Arúgbó fọwọ́ lu itan, ó sì júwe ọ̀nà fún wọn. Omi ti ń sáré kọjá lábẹ́ afárá náà, ó ṣíwájú wọn délé.

Etídò wa níbí ni wọ́n bá Ìbídùn. Ẹrù rẹ̀ wà nílẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń tú okùn rẹ̀, òun sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì sínú Atura dé orúnkún, ó ń pariwo orúkọ ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ló bímọ. Orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà ni Omíyalé. Ìwọ náà ni, ìwọ tí o bu omi fún mi. Má sunkún sí mi nígbá.

Ọkọ̀ yẹn ṣì wà létídò, òun lẹ fi ń kọjá lọ sóko, tí ẹ ń pè é ní ọkọ̀ Àwẹ̀ró. Òkúta náà wà lórí orù omi nílé Ọdẹ́rìndé, òun ni wọ́n fi ń tẹ ìdérí mọ́lẹ̀.

Ní ti Ọdẹ́rìndé, ìwà kì í tán lára ènìyàn. Láàárọ̀ yìí tí mo yà kí wọn, mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé àlàáfíà ni?" Ó ní, "A dúpẹ́ o. Àlàáfíà ni." Àwẹ̀ró kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀gúsí. Ó ní, "Bàbá Ìbídùn, ṣé àlàáfíà ni?"

Ọdẹ́rìndé ní, "Orúnkún ń dùn mí. Mi ò sì rí oorun sùn. Mò ń rò ó pé bí o bá ṣíwájú mi lọ, ta ni yóò máa bi mí lẹ́ẹ̀kejì?"

Àwẹ̀ró gbé igbá ẹ̀gúsí kalẹ̀. Ó wọlé lọ mú òrí wá, ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa á lórúnkún.

Èbúté ìtàn mi nìyẹn. Omíyalé, gba igbá rẹ, mo ti mu ún tán.